Ewéko inú àpótí ẹja: kí oníṣòwò wo iná kó tó rà á

Ọ̀pọ̀ onílé oúnjẹ àti onílé ìtura tó ń gbé àpótí ẹja onígíláàsì síwájú oníbàárà ló ń fi owó ṣòfò lórí ewéko inú omi. Àìtó ìmọ́lẹ̀ ló sábà máa ń pa á. Ewéko pupa ń fẹ́ iná tó lágbára. Níbi tí iná mànàmáná kò dúró sójú kan, Anubias ló dára jù. Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ló ti wá, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sì tó fún un. Orí òkúta tàbí igi ni kí wọ́n so ó mọ́. Bí wọ́n bá ri ìdí rẹ̀ tó nípọn mọ́ yanrìn, yóò jẹrà. Gílóòbù LED kì í jẹ iná púpọ̀. Wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́ ti tó. Kí àpótí má sì wà lójú oòrùn, kí ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ má baà bo gíláàsì.