Káàdì Tó Gba Ọmọ Ọlọ́mọ Lọ́wọ́ Ẹ̀sùn

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ọ́fíìsì ni a fẹ́ fi òwe yìí yẹ̀ wò.

Ní ọdún 2005, wọ́n gbé ẹjọ́ kan wá bá wa. Ọmọbìnrin wa kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Bíìlì tẹlifóònù dé, owó rẹ̀ pọ̀ kọjá àlà. Ọ̀gá fárí, ó ní òun nìkan ló ń jókòó ti fóònù lóru, nítorí náà òun ló pè é. Ọ̀gá fẹ́ gba owó náà lára owó oṣù rẹ̀, kó sì lé e lọ. A bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní oṣù kan.

A pe oníṣẹ́ tẹlifóònù. Ó ní PABX, ẹ̀rọ tó so gbogbo fóònù inú ilé pọ̀, mọ gbogbo ìpè tó jáde, ṣùgbọ́n kò ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Káàdì serial ni ẹnu náà. Ó pa iná ẹ̀rọ, ó ki káàdì náà bọ inú rẹ̀, ó sì fi wáyà RS-232 so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti gbé ìlànà RS-232 kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Bí ìpè kan bá ti parí, ọjọ́, aago, fóònù tí wọ́n fi pè, nọ́ńbà tí wọ́n pè àti iye ìṣẹ́jú yóò jáde. Kì í gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ o! Ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wà lórí iyára kan náà, bíi 9600; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, jágbajàgba lẹ máa rí. Kí wáyà náà má ṣe gùn ju nǹkan bíi mítà 15 lọ. Kí aago PABX péye, kí kọ̀ǹpútà sì wà ní títàn.

Nígbà tí oṣù pé, kí ni a rí? Fóònù yàrá kan lókè, tí wọn kì í ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ìpè òru ti jáde. Ti ọmọ wa kò ju mẹ́ta lọ, iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló sì fi gbogbo wọn ṣe. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún àwa àgbà, ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá.” Ó yíjú sí i, ó ní, “Ọmọ mi, forí jì mí.”

Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i: ìwé náà ń sọ fóònù tí wọ́n fi pè, kò sọ ọwọ́ tó gbé e. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀.

Lóòótọ́, GSM tó dé lọ́dún 2001 ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí, àwọn PABX tuntun sì ń gba wáyà nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣì ní ti àtijọ́, tí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ kò ní ihò serial, kó ra wáyà tó ń sọ ọ́ di USB.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ ní ilẹ̀ àjò. Àmín.