Ojú Tí Mísáì Fi Ń Ríran

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú náà ni ọ̀ràn mísáì tí hẹlikọ́pítà ogun Amẹ́ríkà ń jù. Ní Vietnam lọ́dún 1972, wáyà tín-ínrín ni wọ́n fi ń darí mísáì TOW, ẹni tó yìn ín kò sì gbọdọ̀ mójú kúrò lára ọkọ̀ ọ̀tá títí yóò fi bà á. Mísáì Hellfire ti hẹlikọ́pítà Apache ń tọ ìmọ́lẹ̀ lésà, èyí tí ẹlòmíràn lè tàn sára ọ̀tá láti ibòmíràn nígbà tí hẹlikọ́pítà bá lúgọ sẹ́yìn òkè. Ṣùgbọ́n èéfín àti kùrukùru a máa dí i lójú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi rédà sí irú Hellfire tí wọ́n ń pè ní Longbow, ajùmáwẹ̀yìn tí ẹni tó jù ú kò ní láti máa wò mọ́. Síbẹ̀, níbi tí ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá bá ti súnmọ́ra, lésà ni èmi ìbá yàn, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ló ń tọ́ka.