Bàrà Olómi: Ẹ Fọ̀ Ọ́ Kí Ẹ Tó Fi Ọ̀bẹ Kàn Án



Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé, tí oòrùn sì ń mú ganrínganrín, ará Gbàgádà tí ó bá ná ọjà èso Ìkòsí-Kétu tàbí tí ó gba Mile 12 kọjá yóò rí òkìtì èso ńlá aláwọ̀ ewé tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kó wá láti Òkè-Ọya. Kankana ni àwọn Hausa ń pè é; wọ́tàmẹ́lọ̀n ni àwọn ọlọ́jà wa ń pè é. Ìbátan bàrà tí à ń mú ẹ̀gúsí jáde láti inú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n inú bàrà ẹ̀gúsí korò, irúgbìn rẹ̀ nìkan ni à ń jẹ. Èyí ní tirẹ̀ dùn, ó sì kún fún omi. Nítorí náà, bàrà olómi ni a ó máa pè é nínú àlàyé yìí.

Kì í ṣe èso àjèjì. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. A bá irúgbìn rẹ̀ nínú ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì tí ó wàjà ní nǹkan bí 3,300 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé bàrà Kordofan ti orílẹ̀-èdè Sudan ni ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù lọ.

OORE TÍ Ó Ń ṢE FÚN ARA

Bí a bá wọn 100 gíráàmù bàrà olómi, bí 92 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ omi, ṣúgà inú rẹ̀ sì tó bíi gíráàmù 6. Ó ní fítámì C, àti èròjà tí ń di fítámì A nínú ara wa. Ó ń pa òùngbẹ, ó sì sàn fún ọmọ tí ó ń ti ilé ìwé bọ̀ ju ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lọ.

IBI TÍ EWU WÀ

Bí bàrà olómi bá ṣì wà ní odindi, tí kò sán, tí kò sì lu, inú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò mọ́. Ó ti sùn lórí ilẹ̀ oko, ó ti sùn nínú ọkọ̀, ó ti sùn lórí ilẹ̀ ọjà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ sì ti gbé e. Bí a bá fi ọ̀bẹ là á láìfọ̀ ọ́, ọ̀bẹ náà ni yóò gbé kòkòrò àìfojúrí láti ẹ̀yìn wọ inú. Bàrà olómi kò sì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Kò ní ohun kíkan tí ó lè dá kòkòrò dúró. Omi wà níbẹ̀, adùn wà níbẹ̀, ooru Èkó sì wà níta: wọn yóò máa pọ̀ sí i ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2011, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kòkòrò tí a ń pè ní Listeria wà lára bàrà dídùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ cantaloupe. Ènìyàn 147 ni ó ṣàìsàn, 33 nínú wọn sì kú. Aláboyún, ọmọ tuntun àti àwọn àgbàlagbà ni kòkòrò yìí máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù lọ.

Ní tiwa níhìn-ín, ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ sì wà lára àwọn ibi tí a dárúkọ. A kò sọ pé bàrà olómi ni ó fà á. Ohun tí a ń sọ ni pé oúnjẹ àti omi tí ìdọ̀tí ti kàn ni ọ̀nà tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé, bàrà tí a gé kalẹ̀ sínú ọ̀rá lẹ́bàá gọ́tà, tí eṣinṣin ń bà lé, tí a sì ń wọ́n omi sí kí ó lè máa dán, kò sì jìnnà sí ọ̀nà náà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE

1. Ẹ ra odindi. Ẹ yan èyí tí ó wúwo, tí kò sán, tí ojú ibi tí ó fi sùn lórí ilẹ̀ ti pọ́n bí ìpara.
2. Bí owó rẹ̀ bá wọ́n, tàbí tí kò sí fíríìjì, kí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta tí ó jọ ń gbé ilé kan dáwó rà á, kí wọ́n sì pín in ní ọjọ́ náà gan-an.
3. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó ìgénǹkan.
4. Ẹ fi omi tí ó mọ́ tí ń ṣàn àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀yìn bàrà náà yí ká. Ẹ má fi ọṣẹ fọ èso. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ.
5. Ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí méjì. Bí ooru bá mú púpọ̀, kí ó má ju wákàtí kan lọ. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ dé e sínú fíríìjì tí iná wà fún.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ GBÌN ÍN

Ilé tí ó bá ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn, tí oòrùn ń pa fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́, lè gbìn ín. Irú tí a ń pè ní Sugar Baby dára fún àyè kékeré: ó rí róbótó, kò tóbi jù, ó sì dùn. Bí ọjọ́ 75 sí 80 ni ó fi ń gbó.

Ẹ gbìn ín ní ìparí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, kí èso rẹ̀ lè gbó nígbà tí òjò bá ti lọ, nítorí òjò àpọ̀jù a máa mú un jẹrà. Ẹ sin irúgbìn méjì tàbí mẹ́ta sínú ihò kan, kí ó jìn tó ìka kan ní ìbú. Ìdí igi ni kí ẹ máa bomi rin, kì í ṣe ewé. Ẹ má ṣe lo omi gọ́tà láéláé.

Òdòdó abo ni èyí tí bàrà kékeré wà ní ìdí rẹ̀. Bí oyin kò bá gbé ìyẹ̀fun òdòdó akọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bàrà náà yóò rọ dànù. Bí ẹ kò bá rí oyin, ẹ já òdòdó akọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sì fi àárín rẹ̀ kan àárín òdòdó abo. Ẹ má fín oògùn apakòkòrò nígbà tí òdòdó bá là.

Bí okùn wẹ́rẹ́ tí ó wà nítòsí ọrùn èso bá ti gbẹ, ó ti gbó. Ẹ má ká a ṣáájú, nítorí kì í dùn sí i mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti ká a.

ÀWỌN TÍ Ó YẸ KÍ Ó ṢỌ́RA

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, omi ọyàn nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ yọ irúgbìn kúrò, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kí ó rọ̀, kí ó má bàa há a lọ́fun. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ jẹ ìwọ̀nba bí ife kan, kí ó má sì lọ̀ ọ́ mu. Kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ lẹ́nu bi dókítà rẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, omi bàrà kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ẹ fún un ní omi ORS àti oògùn zinc, ẹ má dá ọyàn dúró, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó bá sún mọ́ yín. Bí ojú rẹ̀ bá ti jìn, tàbí tí kò lè mu nǹkan mọ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bàrà olómi dára, ó sì dùn. Omi mímọ́ àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń béèrè lọ́wọ́ yín kí ó tó dé ẹnu ọmọ.