Jínótáìpù Ọmọ Yín Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Yìgì Nìkan



Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ kan, bí a ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọṣáláṣí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, Alhaja kan fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ náà ti pè é pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ sáré yí àwọn òkè kan po nígbà ooru wọn. Alhaja ní, "Dókítà, ẹ bá mi wá ojúlówó oògùn ìrora. Ẹnìkan ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá fi rán an."

A bi í pé, "Màmá, kí ni jínótáìpù rẹ̀?"

Ó wò wá tìyanu-tìyanu. Ó ní, "AS ni. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ fún mi pé òun fẹ́ gbéyàwó o!"

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ èsì yẹn ló mú wa kọ ọ̀rọ̀ oṣù yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí jínótáìpù àfi tí yìgì bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Irú ọ̀nà wo ni ọ̀nà náà?

Four Pass Loop ni wọ́n ń pè é. Ó wà láàárín àwọn òkè Maroon Bells, nítòsí ìlú Aspen. Ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dáàbò bo ilẹ̀ náà, nítorí náà mọ́tò kì í wọ inú rẹ̀, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kankan lójú ọ̀nà. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 43, ó sì yí po padà sí ibi tí ènìyàn ti gbéra. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ènìyàn máa gùn ún dé ibi tó ga ju mítà 3,700 lọ, tí yóò tún sọ̀ kalẹ̀: West Maroon, Frigid Air, Trail Rider àti Buckskin. Àwọn tó ń rìn ín, tí wọ́n ru àgọ́ dání, sábà máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn tó ń sá a fẹ́ parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí ẹ lè mọ bó ṣe ga tó, ẹ rántí pé Chappal Waddi ní Ìpínlẹ̀ Taraba ni òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, mítà 2,419 sì ni gíga rẹ̀. Adágún omi Maroon tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré yìí ti ga tó nǹkan bíi mítà 2,900. Ẹni tí kò tíì gbé ẹsẹ̀ kan ti ga ju òkè tó ga jù nílẹ̀ wa lọ.

A kò sọ pé eré sísá kò dára. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bá ìyàwó rẹ̀ Àíṣà sá eré ìje. Àmọ́ àmáànà ni ara jẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbé àmáànà lọ sórí òkè mọ ohun tó gbé dání.

Kí ni òkè ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ AS?

Lókè lọ́hùn-ún, ọ́síjìn tó wà nínú èémí kan ṣoṣo dín ní bíi ìdá kan nínú mẹ́ta sí èyí tí à ń mí létí òkun ní Èkó. Ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́ àlejò, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí èébì sì ń gbé e. Bí ó bá di pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bíi ti ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, tàbí tí mímí nira fún un bó tilẹ̀ jókòó, ewu ńlá ni. Kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí oògùn tó ṣeé fi rọ́pò sísọ̀ kalẹ̀.

Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Ẹni tó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn, kò sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Tí ọ́síjìn bá pọ̀ tó, S inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí ọ́síjìn bá dín gan-an, tí omi ara ti gbẹ, tí iṣan sì ń ṣe iṣẹ́ àṣekára, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bíi dòjé. Wọ́n á dí ọ̀nà tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ẹ̀yà ara tó sábà máa ń jìyà rẹ̀ lórí òkè ni èyí tí wọ́n ń pè ní spleen, tó fara pamọ́ sábẹ́ egungun ìhà òsì. Ìrora líle á mú ènìyàn níbẹ̀, ó lè dé èjìká òsì, èébì sì lè tẹ̀ lé e. Iṣan itan náà lè ṣàdédé rọ, kí ẹsẹ̀ má lè gbé ara mọ́.

Ọ̀pọ̀ AS ló ti gun òkè gíga tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, ẹ má sì tìtorí èyí dẹ́rù ba ọmọ yín. Ohun tí a fẹ́ ni kí ó mọ àmì náà. Ní ti SS àti SC, kí wọ́n má ṣe dán irú eré yìí wò rárá.

Oògùn ìrora tí Alhaja fẹ́ rà ńkọ́?

Ìdí méjì ni a kò fi tà á fún un. Èkíní, ìrora ìhà òsì yẹn ni olùṣọ́ tó ń kígbe pé olè wọlé. Bí ọmọ bá gbé oògùn mì, tó rò pé èéfín eré tàbí ọgbẹ́ inú lásán ni, á pa olùṣọ́ lẹ́nu mọ́, á sì tún máa gun òkè lọ.

Èkejì, oògùn bí ibuprofen àti diclofenac ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù. Nínú ilé, fún ẹni tó mu omi tó, tó sì lò ó fún ọjọ́ díẹ̀, ó sábà máa ń rọlẹ̀. Fún ẹni tó ti ń làágùn láti àárọ̀, ọ̀ràn mìíràn ni. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2017 lórí àwọn asáré ọ̀nà jíjìn, kíndìnrín fara pa lára nǹkan bíi 52 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo ibuprofen, àti 34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò lò ó. Ẹ rántí èyí náà fún àwọn tó ń gbé e mì níbi iṣẹ́ agbára nínú oòrùn nílé wa níbí.

Omi àti ìmọ́tótó

Omi odò òkè máa ń mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kòkòrò giardia tí ojú lásán kò lè rí lè wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nígbà tí ènìyàn ti gbàgbé odò. Kí wọ́n fi asẹ́ tó dára sẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní irú ibi gíga bẹ́ẹ̀.

Bí ìgbẹ́ bá gbọn ènìyàn, kí ó jìnnà sí omi tó mítà 60, kí ó gbẹ́ ihò tó jìn tó íńṣì 6 sí 8, kí ó sì bò ó. Òfin tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń gun òkè nìyẹn. Ó bá ohun tí Ànábì ti kọ́ wa mu, pé a kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀gbin sí ojú omi, ojú ọ̀nà àti abẹ́ ibòòji tí ènìyàn ń sinmi. Bí omi bá tutù débi tí àlùwàlá á fi pa ènìyàn lára, tí kò sì rí ọ̀nà láti mú un gbóná, táyámọ́mù wà fún un.

Ohun tí a ní kí Alhaja fi ránṣẹ́

A ní kí ó pe ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ó sì sọ fún un pé:

1. Kí ó sọ fún dókítà ilé ìwé rẹ̀ pé AS ni òun, kí àwọn tí wọ́n jọ ń sáré náà sì mọ̀.
2. Kí ó lo ọjọ́ mélòó kan níbi gíga kí ọjọ́ eré tó pé, kí ara lè mọ́ ọn.
3. Kí wọ́n gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí àrá àti mànàmáná máa ń dé lọ́sàn-án nígbà ooru. Kí wọ́n mú aṣọ òjò àti aṣọ òtútù dání.
4. Kí ó máa mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́, kí ó sì jẹ oúnjẹ oníyọ̀. Àmujù omi náà léwu.
5. Kí ẹnìkan tó wà nílùú mọ wákàtí tí wọ́n máa padà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò sí ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀.
6. Bí ìhà òsì bá dùn ún, kí ó dúró, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó dé ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ pé, "AS ni mí, orí òkè ni mo ti ń bọ̀."

Alhaja bi wá pé, "Ṣé ojú ò ní tì í tó bá padà lágbedeméjì?" A ní, "Màmá, òkè ò ní lọ síbìkan. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ní kó padà."

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ jínótáìpù ọmọ yín sínú fóònù rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Kí Ọlọ́hun dá gbogbo arìnrìn-àjò wa padà láyọ̀. Àmín.