Ríra Ààrò Irin Àlòkù àti Dídán Ooru Rẹ̀ Wò

Ní ayé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà di olókìkí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nípa títa aṣọ láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní lórí òṣòó ni àwọn yóò wà títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Nínú òwò náà, oníbàárà a ti fi ọwọ́ kan aṣọ, a ti nà án wò nínú oòrùn, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, àwòrán ọjà ni oníbàárà ń rí, owó ni ọ̀pọ̀ olùtajà sì kọ́kọ́ ń béèrè.

Lára ohun tí a ń rà báyìí ni ààrò irin àlòkù, èyí tí a fi ń yan ẹran, ẹja àti bọ̀ọ̀lì. Òmíràn jẹ́ tòkunbọ̀; òmíràn sì jẹ́ èyí tí àwọn alájòórin fi àgbá ṣe. Bí ẹni tí ń gbé Iléṣà bá rí èyí tí ó wù ú ní Òṣogbo, ọ̀nà kò jìn. Kí ó lọ wò ó kí ó tó sanwó.

Nígbà tí ó bá débẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó wà nínú àgbá náà tẹ́lẹ̀, nítorí pé oògùn olóró a máa wà nínú òmíràn. Kí ó yẹra fún irin tí a fi síńkì bò nítorí ìpẹtà. Síńkì a máa yọ́ ní ìwọ̀n Celsius 420. Iná èédú lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín síńkì sì ń fa àìsàn tí ó dà bí ibà.

Lẹ́yìn èyí, kí ó ní kí olóhun dá iná sí i ní ìta gbangba. Ojú nìkan kò lè mọ ooru irin: irin kì í pọ́n títí ooru rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 500, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n 70 péré ti tó láti bó ènìyàn lọ́wọ́. Omi ni kí ó kán sí i, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Bí irin bá ti kọjá ìwọ̀n 100 díẹ̀, omi a hó, a sì gbẹ. Bí ó bá gbóná gidigidi, ẹ̀kán omi a máa yí kiri bí ìlẹ̀kẹ̀, nítorí pé oruku omi ti gbé e sókè kúrò lára irin. Oníṣègùn ará Jámánì kan, Leidenfrost, kọ̀wé nípa èyí ní ọdún 1756.

Kí ó tún to búrẹ́dì tí a gé pẹlẹbẹ sí orí irin náà, kí ó sì yí wọn padà láìpẹ́. Bí apá kan bá jóná tí apá kejì sì funfun, ooru rẹ̀ kò dọ́gba. Òṣùwọ̀n ooru tí a ń nà bí ìbọn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a fi ń wo iwájú orí ènìyàn nígbà àrùn kòrónà ní ọdún 2020. Ooru ara nìkan ni a ṣe ìyẹn fún. Irin dídán a sì máa tan òṣùwọ̀n náà jẹ. Ibi tí ó dúdú ni kí a nà án sí.

Làálàá yìí kì í ṣe lásán. Lórí ààrò tí ooru rẹ̀ kò dọ́gba, ara adìẹ a dúdú, inú rẹ̀ a sì tutù. Inú adìẹ gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 74 kí ó tó ṣeé jẹ láìléwu. Alásè tí kò bá kíyè sí èyí yóò kó àìsàn bá àwọn oníbàárà rẹ̀, ọjà rẹ̀ yóò sì bàjẹ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwòrán lè pe ènìyàn wá sí ìdí ọjà, ṣùgbọ́n iná ni yóò sọ bí ó bá yẹ kí ó sanwó.