Ohun Tí Ń Tú Nínú Òkúta Òkè-Ògùn

Nígbà tí àgbàlagbà bá ń wúre fún ọmọ rẹ̀, tó ní koko lara ọta ń le, ará Òkè-Ògùn kì í rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó rí ẹlẹ́rìí: Ṣakí ọmọ òkè Àsabàrí ń bẹ níbẹ̀, Ìsẹ́yìn ọmọ òkè Ẹ̀bẹdì ń bẹ níbẹ̀, Àdó-Àwáyè sì gbé adágún Ìyàkẹ̀ rù sórí òkè. Láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ nínú òkúta gránáìtì ilẹ̀ yìí ti dì láti inú àpáta yíyọ́ abẹ́ ilẹ̀. Síbẹ̀, nínú òkúta tí a fi ń ṣàpẹẹrẹ líle yìí, àwọn átọ̀mù kan wà tí kò lè dúró bí a ti dá wọn. Lójijì ni wọ́n ń tú, tí wọ́n sì ń di nǹkan mìíràn.

Ẹni tó bá mú àfọ́kù òkúta náà sọ́wọ́ yóò rí wóro mẹ́ta lára rẹ̀: èyí tó mọ́ gaara, èyí tó dúdú tó ń dán yinrin, àti èyí tó pọ́n rúsúrúsú. Inú èyí tó pọ́n yìí ni pòtáṣíọ̀mù pọ̀ sí. Nínú mílíọ̀nù kan átọ̀mù pòtáṣíọ̀mù, nǹkan bí 117 ni kò fìdí múlẹ̀. Àwọn ìyókù wà digbí. Kí ló wá fa ìyàtọ̀ láàárín ọmọ ìyá?

Àárín gbùngbùn átọ̀mù ni kókó rẹ̀ wà, níbi tí prótọ́ọ̀nù àti niútíróònù kó ara wọn jọ sí. Àwọn prótọ́ọ̀nù ń lé ara wọn, nítorí agbára mànàmáná kan náà ló wà lára wọn. Agbára mìíràn tó le ju ìyẹn lọ ló ń so gbogbo wọn pọ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò gùn. Bí agbo ilé ńlá tí ariwo ìjà ti ń dé gbogbo yàrá, ṣùgbọ́n tí ìfẹ́ kò kọjá ọ̀dọ̀ ẹni tí a jọ pín ògiri, bẹ́ẹ̀ ni kókó átọ̀mù rí: bí èrò inú rẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i ni ìjà ń borí ìfẹ́. Niútíróònù ni alárinà, nítorí ó ń soni pọ̀, kò sì lé ẹnikẹ́ni. Yùréníọ̀mù, tí òun náà wà nínú òkúta yìí, tó sì ní prótọ́ọ̀nù 92, kó niútíróònù 146 jọ kí ilé má baà tú, síbẹ̀ pàbó ló já sí. Kódà, láti prótọ́ọ̀nù 83 lọ sókè, kò sí kókó kan tó wà títí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni yùréníọ̀mù yìí máa ń ta prótọ́ọ̀nù méjì pọ̀ mọ́ niútíróònù méjì dànù, kí ó tó di òjé, kí ó sì fara balẹ̀.

Títóbi nìkan kọ́ ló ń tú kókó. Àṣejù, baba àṣetẹ́: bí niútíróònù bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ọ̀kan nínú wọn a di prótọ́ọ̀nù, a sì ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde. Prótọ́ọ̀nù àti niútíróònù tún fẹ́ràn àtimáa jókòó ní méjì-méjì, oníkálukú pẹ̀lú irú tirẹ̀. Pòtáṣíọ̀mù tí kò fìdí múlẹ̀ ní prótọ́ọ̀nù 19 àti niútíróònù 21, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ṣẹ́kù láìní ẹnikejì níhà méjèèjì. Nítorí náà, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ a di kálísíọ̀mù, ìyókù a di gáàsì ágọ́ọ̀nù, níbi tí gbogbo wọn ti rí ẹnikejì.

Ní ọdún 1896 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Henri Becquerel rí i ní Paris pé yùréníọ̀mù ń ta ìtànṣán fúnra rẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé átọ̀mù kì í darúgbó. Èyí tó ti wà kí Àsabàrí tó wà kò sún mọ́ àtitú ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé lọ́la ni ti eléyìí. Ṣùgbọ́n àgbájọ wọn kì í yẹ àdéhùn: ìdajì pòtáṣíọ̀mù náà yóò tú láàárín 1,250 mílíọ̀nù ọdún, ìdajì yùréníọ̀mù láàárín nǹkan bí 4,500 mílíọ̀nù. Nípa wíwọn òjé tó ti rọ́pò yùréníọ̀mù ni àwọn onímọ̀ fi ń ka ọjọ́ orí òkúta.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sá fún òkè baba rẹ̀. Pòtáṣíọ̀mù kan náà wà nínú iṣu tí à ń jẹ. Nǹkan bí 4,000 átọ̀mù rẹ̀ ló ń tú nínú ara àgbàlagbà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, a sì ń jí, a ń ṣiṣẹ́. Èyí tó yẹ ká ṣọ́ ni gáàsì rédọ́ọ̀nù, ọmọ inú ìdílé yùréníọ̀mù, tí ń yọ jáde láti inú gránáìtì: ní gbangba, atẹ́gùn a gbé e lọ, nínú yàrá tí a tì pa, ó ń kó jọ, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá kọ́lé sórí àpáta, kí ó máa ṣí fèrèsé.