Bí Ẹ̀rọ PCR Ṣe Ń Rí Ibà Lassa Nínú Ẹ̀jẹ̀

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iná bá ti jó igbó ọ̀nà oko láàárín Ìsẹ̀ àti Èmùré ní Èkìtì, eku tí kò rí ibi sá sí mọ́ a yà wọ ilé. Àsìkò yìí gan-an ni a ń sá gàárì àti èlùbọ́ sẹ́bàá títì. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ni ibà Lassa, tí eku ń kó ràn wá, máa ń gbilẹ̀ jù ní Nàìjíríà, ìyà rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí Èmùré, ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Ọ̀wọ̀ wà sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí àjọ NCDC, tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, máa ń dárúkọ ṣáájú bí wọ́n bá ń ka ibi tí àìsàn náà ti pọ̀, òun àti Ẹdó àti Bauchi.

Ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, kí ó máa rẹni ṣáá: ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní sọ pé ibà lásán ni? Dókítà pàápàá kò lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Maikirosikóòpù tí wọ́n fi ń wá kòkòrò ibà kò lè bá a rí fáírọ́ọ̀sì Lassa, torí fáírọ́ọ̀sì kéré kọjá ohun tí gíláàsì rẹ̀ lè fi hàn. Ẹ̀rọ tó ń rí i ni PCR. Ọdún 2020, nígbà kòrónà, ni orúkọ náà wọ ẹnu gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ó ti ń bá wa wá Lassa kí kòrónà tó dé.

Bí ẹ bá rí i lórí tábìlì, kò ní yà yín lẹ́nu. Àpótí kan ni, tó ní ìdérí. Ẹ ṣí ìdérí náà, ẹ ó rí pẹpẹ irin kan tí wọ́n lu sí ihò, ó sábà máa ń jẹ́ 96, tí wọ́n ń ki àwọn ike pínníṣín bọ̀. Iṣẹ́ pẹpẹ yìí kò ju méjì lọ: kí ó gbóná, kí ó sì tutù, kíákíá, láìṣì dígírì kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to àwọn ègé sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀ sí. Bí iná mànàmáná bá gba inú wọn kọjá lápá kan, òkè wọn a gbóná. Bí wọ́n bá yí ọ̀nà iná náà padà, òkè yẹn kan náà a tutù, ooru a bọ́ sísàlẹ̀, fáànù a fẹ́ ẹ dànù. Jean Peltier, ará Faransé, ló kíyè sí àrà yìí ní 1834. Òun ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà nílò iná ìdáná lọ́tọ̀, fìríìjì lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ gidi kì í wọ inú ẹ̀rọ náà. Ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ní 1969, tí àìsàn yìí kọ́kọ́ hàn ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno òde òní, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń ṣàìsàn lọ sí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà. Jordi Casals tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀ níbẹ̀ kó o, díẹ̀ ló kù kó kú. Omi ara ẹ̀jẹ̀ Penny Pinneo, nọ́ọ̀sì tí òun náà kó o ní Nàìjíríà tó sì yè, ni wọ́n fà sí i lára. Juan Román, òṣìṣẹ́ láàbù kan níbẹ̀, kò rù ú là. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ náà lónìí, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú ara rẹ̀, ni pé wọ́n á da kẹ́míkà sí i tó ń tú fáírọ́ọ̀sì ká. Fáírọ́ọ̀sì a kú, àbùdá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RNA a sì ṣẹ́kù. Wọ́n á fọ RNA yìí kúrò lára gbogbo ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ tó kù. Ìrísí omi tó ṣẹ́kù kò yàtọ̀ sí ti omi mímu, ẹ̀kán bíi mélòó kan ni wọ́n sì ń bù nínú rẹ̀.

Iye RNA tó wà nínú ẹ̀kán yìí lè kéré débi pé kò sí ohun èlò tó lè rí i. Ohun tí PCR ń ṣe ni pé ó ń sọ ohun kékeré náà di púpọ̀. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ dúró ní nǹkan bí 50 dígírì kí énsáìmù kan lè yí RNA padà sí DNA, torí DNA ni ìyókù iṣẹ́ náà ń lò. Lẹ́yìn náà ìyípo á bẹ̀rẹ̀. Ní 95 dígírì, okùn méjì tó wé ara wọn nínú DNA a tú. Ooru a wá lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 55 tàbí 60, àwọn ègé DNA kúkúrú tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní primer, a wá ibi tó bá wọn mu lọ lẹ̀ mọ́.

Ibí yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó bá dúró láàárín Ọjà Ọba ní Ìkẹ́rẹ́ tó ń ki oríkì ìdílé kan, ẹgbẹ̀rún èèyàn lè máa kọjá, ọmọ ìdílé yẹn nìkan ni yóò yíjú padà. Bẹ́ẹ̀ ni primer Lassa ṣe ń kọjá lára àbùdá ẹni tó ń ṣàìsàn, lára ti kòkòrò ibà àti ti gbogbo kòkòrò mìíràn, tí kò ní fọwọ́ kan wọn.

Bí primer bá lẹ̀ mọ́ àbùdá Lassa tán, énsáìmù kejì tó ń jẹ́ Taq á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, á da okùn náà kọ. Ọ̀kan á di méjì. Ẹ̀rọ á padà sí 95, méjì á di mẹ́rin. Ìyípo 10, ó ti di 1,024. Ìyípo 20, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ìyípo 30, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan. Kary Mullis ló ro èyí jọ ní Amẹ́ríkà ní 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1993. Ìyọnu ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ooru 95 ń pa énsáìmù, wọ́n sì ní láti máa bu tuntun sí i ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ohun tó yọ wọ́n ni kòkòrò kan tí Thomas Brock ti rí nínú omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ ní Yellowstone: inú omi yẹn ló ń gbé, ooru kò sì lè ba Taq, énsáìmù rẹ̀, jẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń jábọ̀. Wọ́n ti fi èròjà kan sínú ike náà tó ń tàn bí ẹ̀dà bá ti ń pọ̀, kámẹ́rà tó wà nínú ẹ̀rọ sì ń wò ó ní ìyípo kọ̀ọ̀kan títí dé 40. Ìyípo tí ìmọ́lẹ̀ náà bá ti yọ kedere ni wọ́n ń pè ní Ct. Bó bá yọ ní 18, fáírọ́ọ̀sì ti kún ẹ̀jẹ̀. Bó bá yọ ní 35, díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ọ̀ràn ṣe le tó, èyí tó máa ń da àwọn tó ń ka ìwé àyẹ̀wò láàmú.

Ẹ̀rọ tó lágbára tó báyìí lè ṣini lọ́nà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó bá fò láti inú ike ẹlòmíràn bọ́ sínú tiyín lè sọ yín di aláìsàn Lassa lórí ìwé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki ike omi lásán kan bọ̀ ọ́ nígbà gbogbo. Bí omi yẹn bá tàn, wọ́n á da gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà nù. Àléébù kejì le ju ìyẹn lọ. Fáírọ́ọ̀sì Lassa ń yí padà. Irú tó wà ní Sàró yàtọ̀ sí tiwa, tiwa ní gúúsù Nàìjíríà sì yàtọ̀ sí ti òkè Ọya, débi pé oríkì tí wọ́n kọ fún ọ̀kan lè má mú èkejì yíjú. Nítorí náà, àwọn láàbù wa sábà máa ń lo primer fún ibi méjì lára àbùdá rẹ̀.

Ní 2018 tí Lassa jà burúkú, ilé ìwòsàn Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, tó ti ń ṣe àyẹ̀wò yìí láti 2008 pẹ̀lú ilé ìwádìí Bernhard Nocht ti Hamburg ní Jámánì, àti ilé ìwádìí ACEGID tí Christian Happi dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, kò dúró lórí PCR. Wọ́n ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kò kó o lára ara wọn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni eku fi ń kó ràn wọ́n, ní ìlú wọn, nínú ilé wọn.

Wákàtí díẹ̀ ni iṣẹ́ láàbù látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyípo 40 kì í sì í sábà ju wákàtí méjì lọ. Ọ̀nà àti ilé ni àkókò ń ṣòfò sí. RNA tètè ń bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí kò bá sì tutù dé Ọ̀wọ̀ tàbí Irrua lè fún wa ní irọ́. Kẹ́mísìtì tún ti gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ aláìsàn kí nọ́ọ̀sì tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nínú ìwádìí tí Joseph McCormick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Sàró, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1986, nínú àwọn tí àìsàn náà ti wọ̀ lára gan-an, 55 nínú 100 ló ń kú bí wọn kò bá gba oògùn ribavirin. Àwọn tó gbà á kí ọjọ́ mẹ́fà ibà tó kọjá, 5 nínú 100. Àwọn onímọ̀ kan ti ń tún iye yìí yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ẹni tó ní kí aláìsàn pẹ́ kó tó dé.

Bí ẹ bá ti lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì tí ara kò yé gbóná, ẹ má padà sí kẹ́mísìtì. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá wà nítòsí, ẹ sọ fún wọn láìtijú pé eku wà nínú ilé yín tàbí lórí gàárì yín, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ fún Lassa. Nọ́ńbà NCDC ni 6232, ọ̀fẹ́ sì ni.